Ta ló ṣíwájú ta? Bí a ṣe ń yanjú ìbéèrè ipò àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ nínú ìdánwò ìgbanisíṣẹ́

Nínú ìdánwò ìgbanisíṣẹ́, ìbéèrè kan wà tí kò jọ ohun tó lè dá ẹnikẹ́ni dúró: "Bọ́lá wà ní ipò 9 láti òsì, ó sì wà ní ipò 14 láti ọ̀tún. Èèyàn mélòó ló tò sórí ìlà náà?" Ẹni tó ń kánjú á ro 9 mọ́ 14, á tẹ 23, á kọjá lọ. Àmọ́ 22 ni wọ́n. 23 sì máa ń wà lára ìdáhùn tí wọ́n tò síwájú yín, torí ẹni tó kọ ìbéèrè mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Íńdíà ni wọ́n ti sọ irú ìbéèrè yìí di nǹkan ńlá. Ìdánwò SSC tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, ti IBPS tí ọ̀pọ̀ báǹkì ìjọba fi ń gbani síṣẹ́, àti ti RRB fún iṣẹ́ rélùwéè, gbogbo wọn ló ń lò ó. Ní Nàìjíríà, inú ìdánwò òye tí báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń dín èrò kù, kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, lẹ ti lè bá a pàdé. Ìbéèrè àtijọ́ ti Íńdíà pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dára fún ìdánrawò. Ramesh àti Sunita ló kàn máa wà níbi tí Bọ́lá àti Kúnlé ì bá wà.

Àwọn ìwé ìgbáradì máa ń to fọ́múlà rẹpẹtẹ kalẹ̀ fún un. Ẹ má wulẹ̀ há wọn sórí. Fọ́múlà téèyàn há sórí ló kọ́kọ́ ń sá lọ nígbà tí àkókò bá ń lọ sópin, wọ́n sì jọra débi pé èèyàn kì í rántí èyí tó yọ 1 àti èyí tó yọ 2. Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, tó sì ní báírò àti bébà, kò nílò ìyókù.

Ẹ fa ìlà ná

Kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan, ẹ fa ìlà gbọọrọ kan sórí bébà. Ẹ kọ S sí ìpẹ̀kun òsì, ẹ kọ T sí ìpẹ̀kun ọ̀tún. Ẹ má lo Ò àti Ọ̀; wọ́n jọra jù, ojú tó ń kánjú á ṣì wọ́n kà.

Bó bá jẹ́ àwọn tó tò dúró de bọ́ọ̀sì ni, iwájú ni S, ẹ̀yìn ni T. Bó bá jẹ́ ipò nínú kíláàsì, ẹni tó gba ipò kìíní wà lọ́dọ̀ S, ẹni tó gbẹ̀yìn wà lọ́dọ̀ T. Bó bá jẹ́ gíga, ọjọ́ orí tàbí owó oṣù, ẹni tó pọ̀ jù ló wà lọ́dọ̀ S. Ẹ mú ọ̀nà kan yìí, kí ẹ má yí i padà láti ìbéèrè kan sí òmíràn. Ẹni tó bá fi ẹni gíga sí òsì nínú ìbéèrè 12, tó wá fi ẹni kúkúrú síbẹ̀ nínú ìbéèrè 13, á yanjú ìṣirò náà pé pérépéré, á sì mú ìdáhùn òdìkejì.

Ibi tí àwọn èèyàn kọjú sí tún wà ńbẹ̀. Bí ìbéèrè bá ní wọ́n kọjú sí àríwá, ẹ̀yìn wọn lẹ ń wò lórí bébà, òsì wọn ni òsì yín. Bí wọ́n bá kọjú sí gúúsù, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń wò, òsì wọn á wá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún yín. Nígbà náà, S ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí ọwọ́ ọ̀tún bébà, kẹ́ ẹ gbé T wá sí òsì, kẹ́ ẹ sì bá iṣẹ́ lọ. Ẹ má gbìyànjú láti máa fi orí lásán yí i. Bí wọn ò bá sọ ibi tí wọ́n kọjú sí rárá, òsì yín ni òsì wọn.

Òfin náà

Ẹni tó wà ní ipò 9 láti òsì ní èèyàn 8 ní òsì rẹ̀. Ẹni tó wà ní ipò 14 láti ọ̀tún ní èèyàn 13 ní ọ̀tún rẹ̀. Ẹ wá ka àwọn 8, Bọ́lá fúnra rẹ̀, àti àwọn 13: ó di 22. Nígbà tí ẹ ro 9 mọ́ 14, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ka Bọ́lá, torí ó wà nínú 9, ó tún wà nínú 14. Nítorí náà:

ipò láti òsì + ipò láti ọ̀tún = iye gbogbo èèyàn + 1

Ẹ jẹ́ ká pe "iye gbogbo èèyàn + 1" ní nọ́ńbà ìlà. Ìlà tó ní èèyàn 22, nọ́ńbà rẹ̀ ni 23. Bẹ́ ẹ bá ti mọ iye èèyàn, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà nìyẹn, kẹ́ ẹ yí òbìrípo sí i. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sọ ipò rẹ̀ láti ọ̀tún, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà ìlà, ó ti di ipò láti òsì. Ipò 5 láti ọ̀tún nínú èèyàn 22? 23 yọ 5, ipò 18 láti òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni láti òsì sí ọ̀tún.

Ó tán. Gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò ju pé kí a sọ gbogbo ipò di ti òsì, ká tó fi wọ́n wé ara wọn. Kò sí bí èèyàn ṣe máa fi ipò 12 láti òsì wé ipò 15 láti ọ̀tún tí ìdáhùn á bọ́ sójú ibi tó yẹ, àfi tó bá ṣe kòńgẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà ka àyè

Ẹ wo ipò 9 àti ipò 15. Bẹ́ ẹ bá ń fò láti 9 dé 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lẹ máa fò: 15 yọ 9. Bẹ́ ẹ bá ń ka àwọn tó jókòó láàrin wọn, 10, 11, 12, 13, 14, èèyàn 5 ni: ẹ yọ 1 kúrò nínú 6. Bẹ́ ẹ bá ń ka àwọn tó wà láàrin pẹ̀lú àwọn méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun, èèyàn 7 ni: ẹ fi 1 kún 6. Ìbéèrè kan náà lè ní 5, 6 àti 7 lára ìdáhùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣèèṣì kó wọn síbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta yẹn ni àwọn baba wa fi ń ka ọjà. Ọjà ọrọọrún tí wọ́n bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an: Ajé 1, Ìṣẹ́gun 2, Ọjọ́rú 3, Ọjọ́bọ̀ 4, Ẹtì 5. Ọjọ́ 4 péré ló kọjá, àmọ́ wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n ná an tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ló fi jẹ́ ọrún. Ìtàdógún náà rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 17 ni wọ́n kà, ọjọ́ 16 ló wà láti ọ̀kan sí èkejì. Ìkà yẹn kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni "between" tí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè. "Between" kì í ka ìpẹ̀kun kankan. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ fò, kẹ́ ẹ yọ 1.

Èèyàn mélòó ló wà láàrin Kúnlé àti Ṣadé?

Èèyàn 40 ló wà lórí ìlà. Kúnlé wà ní ipò 12 láti òsì, Ṣadé wà ní ipò 15 láti ọ̀tún. Nọ́ńbà ìlà ni 41. Ṣadé: 41 yọ 15, ipò 26 láti òsì. Láti 12 dé 26, ẹ fò ní 14, ẹ yọ 1, èèyàn 13 ló wà láàrin wọn.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn: ro 12 mọ́ 15, yọ ọ́ kúrò nínú 40, ó di 13. Ó bọ́ sí i. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ níbí: èèyàn 20 ló wà lórí ìlà, Kúnlé wà ní ipò 15 láti òsì, Ṣadé wà ní ipò 12 láti ọ̀tún. 15 àti 12 jẹ́ 27, 20 yọ 27… ó ti wọ gbèsè 7. Àwọn kan á ju àmì gbèsè yẹn nù, wọ́n á mú 7. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣadé ti kọjá Kúnlé lọ sí òsì. Nọ́ńbà ìlà ni 21, 21 yọ 12 jẹ́ 9, ipò 9 láti òsì ni Ṣadé wà. Láti 9 dé 15, fò ní 6, yọ 1: èèyàn 5. Ẹ wo 7 tí wọ́n mú un: òun náà ni iye tó jáde lókè nígbà tí a ka ìpẹ̀kun méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ̀bùrú yẹn wúlò bí ipò méjèèjì tí a rò pọ̀ kò bá ju iye èèyàn lọ. Bó bá jù ú lọ, wọ́n ti gun ara wọn kọjá, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Àmọ́ ẹni tó sọ ohun gbogbo di ti òsì kò ní láti rántí ìyẹn.

Bí wọ́n bá ní ta ló wà ní àárín gbùngbùn àwọn méjì, ẹ ro ipò méjèèjì láti òsì pọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí 2. Ipò 8 àti ipò 26: 34, ìdajì rẹ̀ 17. Èèyàn 8 ló wà láàrin 8 àti 17, èèyàn 8 náà ló wà láàrin 17 àti 26. Bí àròpọ̀ ipò méjèèjì kò bá ṣeé pín sí 2, kò sí ẹnì kan tó wà ní àárín gan-an.

Àwọn tó pààrọ̀ àyè

Ìbéèrè yìí máa ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ràṣídì wà ní ipò 12 láti òsì, Gbénga wà ní ipò 9 láti ọ̀tún. Wọ́n pààrọ̀ àyè, Ràṣídì wá di ẹni ipò 20 láti òsì. Èèyàn mélòó ló wà lórí ìlà? Ipò wo ni Gbénga wà láti ọ̀tún báyìí?

Ẹ gbójú kúrò lára èèyàn, kẹ́ ẹ wo àga. Àga ò kúrò níbi tó wà. Èèyàn ló dìde. Ràṣídì jókòó sórí àga Gbénga. Àga yẹn gan-an ló jẹ́ ìkẹsàn-án láti ọ̀tún, òun náà ló tún jẹ́ ipò 20 láti òsì. 20 àti 9 jẹ́ 29, nọ́ńbà ìlà nìyẹn, èèyàn 28 ló wà níbẹ̀. Gbénga wá jókòó sórí àga Ràṣídì, tó jẹ́ ipò 12 láti òsì: 29 yọ 12, ipò 17 láti ọ̀tún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ràṣídì sún láti 12 sí 20, àyè 8. Gbénga gbọ́dọ̀ sún ní 8 náà: 9 àti 8 jẹ́ 17. Ó pé. Iye tí ẹnì kan fi sún ni ẹnì kejì fi sún, àyẹ̀wò yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kéèyàn ro 12 mọ́ 9. Àga méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni 12 àti 9 ń tọ́ka sí. Òfin wa kò sọ pé kẹ́ ẹ ro ipò òsì ẹnì kan mọ́ ipò ọ̀tún ẹlòmíràn; àga kan náà ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjèèjì.

Iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù

Súlè wà ní ipò 10 láti òsì, Àdùkẹ́ wà ní ipò 8 láti ọ̀tún, èèyàn 3 ló wà láàrin wọn. Èèyàn mélòó ló wà lórí ìlà? Wọn ò sọ ẹni tó wà ní òsì ẹnì kejì, nítorí náà àwòrán méjì ló wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ya méjèèjì.

Àwòrán kìíní: Súlè wà ní òsì Àdùkẹ́. Èèyàn 10 títí dé ọ̀dọ̀ Súlè, 3 láàrin, 8 láti Àdùkẹ́ lọ: 21.

Àwòrán kejì: wọ́n ti gun ara wọn kọjá, Àdùkẹ́ ló wà ní òsì. Súlè wà ní ipò 10, èèyàn 3 wà láàrin, nítorí náà Àdùkẹ́ wà ní ipò 6 láti òsì. Ó sì jẹ́ ipò 8 láti ọ̀tún: 6 àti 8 jẹ́ 14, nọ́ńbà ìlà nìyẹn, èèyàn 13.

Bí wọ́n bá béèrè iye tó kéré jù, 13 ni. Bí wọ́n bá béèrè iye tó pọ̀ jù, 21 ni. Bí wọ́n bá kàn béèrè iye èèyàn láìfi kún un, "a kò lè mọ̀ ọ́n" ni ìdáhùn, kódà bí 21 bá wà níbẹ̀ tó ń dán gbinrin.

Ìwé ìgbáradì á ní kẹ́ ẹ ro ipò méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ yọ àwọn tó wà láàrin, kẹ́ ẹ tún yọ 2, ìyẹn ló máa fún yín ní iye tó kéré jù. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ẹ gbà pé ẹnì kan wà ní ipò 3 láti òsì, ẹlòmíràn wà ní ipò 4 láti ọ̀tún, èèyàn 5 wà láàrin wọn. 3 àti 4 jẹ́ 7, yọ 5, yọ 2, ó di òdo. Ìlà wo ni kò sí èèyàn lórí rẹ̀? Ẹni tó wà ní ipò 3 ní èèyàn 2 péré ní òsì rẹ̀, kò sí bí èèyàn 5 ṣe máa wà láàrin òun àti ẹni tó wà ní òsì rẹ̀. Àwòrán kejì kò ṣeé ṣe rárá, 12 nìkan ló wà: 3, 5 àti 4. Ẹni tó ya àwòrán á ti rí i kó tó ṣírò.

Kíláàsì: ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó yege

Kíákíá la máa gba èyí kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ 45 ló wà ní kíláàsì, àwọn obìnrin jẹ́ ìlọ́po méjì àwọn ọkùnrin. Adé, ọmọkùnrin, gba ipò 14. Obìnrin 8 ló ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin mélòó ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ọkùnrin jẹ́ 15, obìnrin jẹ́ 30. Àwọn tó ṣáájú Adé jẹ́ 13, kì í ṣe 14. Obìnrin 8 nínú wọn, ọkùnrin 5. Ẹ yọ 5 kúrò nínú 15, ẹ yọ Adé fúnra rẹ̀: ọkùnrin 9 ló kù lẹ́yìn. Àyẹ̀wò: èèyàn 31 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin 22 àti ọkùnrin 9. Ó pé. Ẹni tó bá mú 10 gbàgbé pé ọkùnrin ni Adé.

Ti àwọn tó yege náà kò le. Nínú àwọn tó yege, ọmọ kan gba ipò 16 láti òkè, ó sì jẹ́ ipò 29 láti ìsàlẹ̀. 5 fìdí rẹmi, 6 kò jókòó sí ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà ní kíláàsì? 16 àti 29 yọ 1 jẹ́ 44, ẹ wá fi 5 àti 6 kún un: 55. Yíyọ 1 yẹn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn kan tún máa ń yọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi 11 kún un.

Nígbà tí kò bá sí nọ́ńbà: ta ló ga ju ta?

Ibí ni ìdánwò báǹkì fẹ́ràn jù, torí ìbéèrè mẹ́ta lè jáde látinú àlàyé kan. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan, ká tú u dé ìdí.

Èèyàn mẹ́fà: Bọ́sẹ̀, Kúnlé, Ṣadé, Ràṣídì, Gbénga, Tóyìn. Kò sí méjì tó ga dọ́gba.
1. Kúnlé ga ju Ṣadé àti Tóyìn lọ, àmọ́ kò ga tó Gbénga.
2. Èèyàn méjì péré ni Bọ́sẹ̀ ga jù.
3. Ràṣídì ga ju Gbénga lọ.
4. Ṣadé kọ́ ló kúrú jù.

Ẹ kọ orúkọ ní sílébù àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́tà kan, kí T tó dúró fún Tóyìn má baà dà pọ̀ mọ́ T ọ̀tún. Gbólóhùn 1 fún wa ní Gbé > Kú > (Ṣa, Tó). Ẹ kọ Ṣa àti Tó sórí ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, torí a kò tíì mọ ẹni tó ga ju ẹnì kejì nínú wọn. Kíkọ wọ́n tẹ̀ léra ni àṣìṣe tó ń pani jù nínú irú ìbéèrè yìí: lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ojú yín á rí wọn bíi pé ìbéèrè ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà gbólóhùn. Lẹ́yìn 1, ẹ fo 2, ẹ lọ sí 3, torí ó ní Gbénga tó ti wà lórí bébà nínú. Rà > Gbé > Kú > (Ṣa, Tó). Nígbà gbogbo, gbólóhùn tó bá mú orúkọ tó ti wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé.

Ó ku Bọ́sẹ̀. Ó ga ju èèyàn méjì péré lọ. Ipò wo nìyẹn láti ìsàlẹ̀? Ìkẹta, kì í ṣe ìkejì. Èèyàn méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú èèyàn 6, nọ́ńbà ìlà ni 7, 7 yọ 3, ipò 4 láti òkè. Ṣa àti Tó ni wọ́n máa wà lábẹ́ rẹ̀, torí àwọn ló wà nísàlẹ̀ jù. Gbólóhùn 4 wá parí ìjà àwọn méjèèjì: Rà > Gbé > Kú > Bọ́ > Ṣa > Tó.

Bí wọ́n bá wá ní ẹni kẹta tó ga jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 168, ẹni karùn-ún jẹ́ 159, èwo nínú 156, 159, 163, 170 ló lè jẹ́ gíga Bọ́sẹ̀? Ó wà láàrin Kúnlé àti Ṣadé, nítorí náà 163. 159 kò ṣeé mú, torí wọ́n ti sọ pé kò sí méjì tó dọ́gba.

Ẹ gbà pé gbólóhùn 4 kò sí níbẹ̀. A kò ní mọ ẹni tó kúrú jù, àmọ́ a ṣì mọ àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ láìkù síbì kan. Bí ìbéèrè bá béèrè ẹni kejì tó ga jù, Gbénga ni. Ẹ má mú "a kò lè mọ̀ ọ́n" nítorí pé àwòrán yín kò parí; ibi tí wọ́n béèrè nìkan ló gbọ́dọ̀ dá yín lójú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ máa ń dẹ pàkúté díẹ̀. "To the left of" lè jẹ́ ibikíbi ní òsì. "Immediately to the left of" ni ẹni tó fara kàn án. "Not taller than" kò túmọ̀ sí kúkúrú. Wọ́n lè ga dọ́gba, àyàfi tí ìbéèrè bá ti sọ pé kò sí méjì tó dọ́gba.

Pàkúté kan tún wà tó jẹ́ pé àwa tó ń ronú ní Yorùbá ló ń mú jù. Gẹ̀ẹ́sì á kọ "brother" tàbí "sister", kò sọ ẹni tó ṣáájú. Àwa kò ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún un láìsọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, nítorí náà orí wa á yára yan ọ̀kan. Lójijì, ìbéèrè ọjọ́ orí tó ní gbólóhùn mẹ́ta ti di mẹ́rin, ìkẹrin sì jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fi kún un fúnra yín. Bẹ́ ẹ bá rí "brother" nínú ìbéèrè ọjọ́ orí, "ọmọ ìyá" ni kẹ́ ẹ pè é lọ́kàn yín, kẹ́ ẹ má fi ọjọ́ orí kankan sí i.

Àkókò, àti ìgbà tó yẹ kéèyàn fi orí mú un

Nínú ìpele kìíní SSC CGL (ìdánwò SSC fún àwọn tó ti gboyè ní yunifásítì), ìbéèrè 100 ni wọ́n ń dáhùn ní ìṣẹ́jú 60, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 36 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè ipò ẹnì kan kò yẹ kó gbà ju 15 lọ, pípààrọ̀ àyè 30. Ohun tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ níbẹ̀ lẹ máa ná sórí ìfiwéra, tó lè gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí àwòrán tó jáde. Bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ bá kọjá tí àwòrán ṣì ju mẹ́ta lọ, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ máa lọ. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ṣi gbólóhùn kan kà, ẹ ò sì ní rí i lẹ́ẹ̀kejì bẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ bébà kan náà.

Kí ẹ tó ta tẹ́tẹ́ lórí ìdáhùn, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń yọ fún àṣìṣe. Níbi tí ìdáhùn jẹ́ 5, tí wọ́n sì ń yọ ìdámẹ́rin máàkì, ẹni tó bá fi ojú dídì mú ọ̀kan lẹ́ẹ̀márùn-ún á rí ẹyọ kan gbà, á pàdánù ìdámẹ́rin lọ́nà 4, èrè àti àdánù á dọ́gba. Bó bá lè pa ìdáhùn kan rẹ́ pẹ̀lú ìdánilójú, ó ti wọ èrè. Ní SSC CGL, ìdáhùn 4 ni, èyí tó tọ́ ń mú máàkì 2 wá, àṣìṣe ń yọ 0.5: nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin, 2 wọlé, 1.5 jáde, nítorí náà ẹ má fi àyè sílẹ̀ lófìfo níbẹ̀. Níbi tí wọn kì í ti yọ nǹkan kan, ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀. Nínú ìbéèrè ipò, èyí tó rọrùn jù láti pa rẹ́ ni àròpọ̀ lásán tí kò yọ 1.

Ẹ dán díẹ̀ wò

Ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀ ná.

A. Èèyàn 35 tò sórí ìlà. Tóyìn wà ní ipò 17 láti òsì, ó sún ní àyè 6 sí ọ̀tún. Ipò wo ló wà láti ọ̀tún báyìí?

B. Nínú èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, Àdùkẹ́ wà ní ipò 7 láti iwájú, Súlè wà ní ipò 10 láti ẹ̀yìn, èèyàn 4 wà láàrin wọn. Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?

D. Táíwò dàgbà ju Ìdòwú lọ. Kẹ́hìndé dàgbà ju Ìdòwú lọ. Àlàbá kéré sí Ìdòwú. Ta ló dàgbà jù?

Ìdáhùn A: ó ti wà ní ipò 23 láti òsì, nọ́ńbà ìlà ni 36, 36 yọ 23, ipò 13. Bẹ́ ẹ bá rí 12, iye èèyàn lẹ lò dípò nọ́ńbà ìlà.

Ìdáhùn B: a kò lè mọ̀ ọ́n. Bí Àdùkẹ́ bá wà níwájú Súlè, 21 ni. Bí Súlè bá wà níwájú rẹ̀, ipò 2 láti iwájú ló wà, 2 àti 10 jẹ́ 12, èèyàn 11. Méjèèjì ló ṣeé ṣe.

Ìdáhùn D: a kò lè mọ̀ ọ́n, Táíwò tàbí Kẹ́hìndé. Bẹ́ ẹ bá mú Kẹ́hìndé, ilé lẹ ti gbé ìdáhùn yẹn wá. Kò sí níbìkan nínú ìbéèrè pé ìbejì ni wọ́n.